Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: ÀRÒKỌ ALÁLÀYÉ
Orúkọ, Àwọ̀ Aṣọ àti Ìnagijẹ Àwọn Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Ọsirélíà

A. Ohun tí àròkọ alálàyé jẹ́

Àròkọ alálàyé ni àròkọ tí a fi ń la ọ̀rọ̀ yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ìtàn lásán, kì í sì í ṣe àpèjúwe lásán. Bí ìbéèrè bá sọ pé, 'Ṣe àlàyé bí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ṣe rí orúkọ wọn', ìdí ni olùdánwò ń béèrè lọ́wọ́ rẹ. Kí ni ó fà á tí wọ́n fi ń jẹ́ orúkọ yìí, tí wọn kò jẹ́ òmíràn? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá to orúkọ ogún ẹgbẹ́ jọ bí ẹni tí ń ka owó kò tíì ṣe àlàyé kankan. Ẹni tí ó mú mẹ́fà tàbí méje, tí ó sì sọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan yékéyéké, òun ni ó dáhùn ìbéèrè.

Ìdí méjì ni a fi yan ilẹ̀ Ọsirélíà fún àpẹẹrẹ yìí. Èkíní, ọ̀pọ̀ nínú ìnagijẹ àwọn ẹgbẹ́ wọn ni a mọ ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ó mú un wá. Èkejì, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí yóò ka ìwé rẹ má mọ nǹkan kan nípa wọn. Èyí yóò kọ́ ọ láti má ṣe fo ohun tí ó yẹ kí o ṣàlàyé.

B. Ìlapa èrò

Kí o tó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo, kọ́kọ́ to èrò rẹ lẹ́sẹẹsẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé orúkọ àbísọ yàtọ̀ sí ìnagijẹ. Òbí ni ó ń sọ ọmọ ní orúkọ àbísọ. Ìwà, ìrísí tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó ń mú ìnagijẹ wá. Fi ìyàtọ̀ yìí pín iṣẹ́ rẹ báyìí:

(i) Ìfáárà: irú bọ́ọ̀lù tí à ń sọ, àti orúkọ àbísọ àwọn ẹgbẹ́ náà.
(ii) Ìnagijẹ tí ó ti ara àwọ̀ aṣọ àti àyíká jáde.
(iii) Ìnagijẹ tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan mú wá.
(iv) Ìnagijẹ tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ yàn nítorí pé ti àtijọ́ kò wù ú mọ́.
(v) Àwọ̀ àti orúkọ tí ọ̀ràn dé bá.
(vi) Ìkádìí: ìdí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì fún àwọn tí ó ni ín.

D. Àròkọ àwòkọ́ṣe

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Ọsirélíà mu gan-an. Bọ́ọ̀lù tí à ń sọ yìí kì í ṣe irú èyí tí àwa ń gbá. Bọ́ọ̀lù tiwọn rí gbọọrọ bí ẹyin. Ènìyàn méjìdínlógún ni ó ń gbá a ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè fi ọwọ́ hán an, wọ́n lè fi ìkúùkù gbá a sí ẹnìkejì wọn, wọ́n sì lè fi ẹsẹ̀ ta á. Ìlú Melbourne ni a ti kọ òfin eré náà sílẹ̀ ní ọdún 1859. Orúkọ àbísọ àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ kò ṣòro láti yé ni, nítorí pé orúkọ ìlú tàbí àdúgbò ni. Geelong jẹ́ orúkọ ìlú. Carlton, Collingwood, Richmond, Essendon àti Hawthorn jẹ́ orúkọ àdúgbò ní Melbourne. Ìnagijẹ wọn ni ó ní ìtàn nínú.

Àwọn ìnagijẹ kan wà tí ojú lásán ti tó láti fi mọ ìdí wọn. Aṣọ aláró dúdú ni Carlton ń wọ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Blues, èyí tí í ṣe àwọn aláró. Aṣọ Richmond dúdú, ó sì ní àwọ̀ ìyeyè. Àwọn àwọ̀ yìí ni ó mú wọn jẹ́ Tigers, orúkọ ẹranko ilẹ̀ Éṣíà kan tí ó jọ ẹkùn, ṣùgbọ́n tí ìlà dúdú wà lára rẹ̀ dípò tótòtó. Collingwood, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1892, ń wọ aṣọ onílà dúdú àti funfun. Ẹyẹ kan wà ní Ọsirélíà tí ó ní àwọ̀ méjèèjì yìí, magpie ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ títí di òní.

Àyíká náà a máa fún ẹgbẹ́ ní orúkọ. Pápá tí Essendon ti ń gbá bọ́ọ̀lù kò jìnnà sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kún ẹnu gbogbo ènìyàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹgbẹ́ náà ní Bombers, èyíinì ni ọkọ̀ òfuurufú tí ń ju bọ́ǹbù. Bákan náà, nígbà tí ẹgbẹ́ Adelaide wọ líìgì ńlá ní ọdún 1991, wọ́n kò wá orúkọ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ọsirélíà ti ń fi àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ South Australia ṣe yẹ̀yẹ́ pé ajẹkannakánná ni wọ́n. Ẹgbẹ́ náà gba yẹ̀yẹ́ yìí mọ́ra, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Crows, èyí tí í ṣe kannakánná. Ohun tí a fi ń bú wọn di ohun tí wọ́n fi ń yangàn.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó mú àwọn ìnagijẹ mìíràn wá. Ní ọdún 1923, nǹkan kò lọ déédéé fún Geelong. Wọ́n ń pàdánù eré lé eré. Ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ kan nínú ìwé ìròyìn Herald ti Melbourne wá dábàá pé ológbò dúdú ni wọ́n nílò kí oríire lè bá wọn. Ẹgbẹ́ náà borí nínú eré tí ó tẹ̀ lé e, ni wọ́n bá di Cats, àwọn ológbò. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1933, South Melbourne kó ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù wá láti ìpínlẹ̀ Western Australia. Àmì ìpínlẹ̀ náà ni swan, ẹyẹ omi ńlá ọlọ́rùn gígùn. Nítorí àwọn àlejò yìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹgbẹ́ náà ní Swans, bẹ́ẹ̀ ni ó sì gba ife líìgì ní ọdún náà gan-an.

Àwọn ẹgbẹ́ kan sì wà tí wọ́n sọ ìnagijẹ àtijọ́ nù nítorí pé ó rọ̀ jù. Orúkọ òdòdó ni Melbourne ń jẹ́ nígbà kan rí, nítorí àwọ̀ aṣọ wọn. Fuchsias ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní ọdún 1933, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Frank Hughes, rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà pé kí wọ́n gbé orí sókè, kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù bí ànjọ̀nú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jẹ́ Demons, àwọn ànjọ̀nú. Lábẹ́ Hughes yìí kan náà, wọ́n gba ife lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ní 1939, 1940 àti 1941. Hawthorn náà ń jẹ́ Mayblooms, òdòdó igi kan tí ó bá orúkọ àdúgbò wọn mu. Ní ọdún 1943, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Roy Cazaly, fẹ́ orúkọ tí ó ní agbára nínú, wọ́n sì di Hawks, àwọn àṣá. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kì í gba ife: ọdún 1961 ni Hawthorn tó gba ife àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún tí wọ́n ti ń jẹ́ àṣá.

Nígbà mìíràn, ọ̀ràn a máa dé bá àwọ̀ tàbí orúkọ láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ ṣẹ̀. Pupa, funfun àti dúdú ni àwọ̀ St Kilda. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí náà ni ó wà lára àsíá Jámánì, tí Ọsirélíà ń bá jà. Ní ọdún 1915, St Kilda mú funfun kúrò, wọ́n fi àwọ̀ ìyeyè dípò rẹ̀, kí aṣọ wọn lè bá àsíá Bẹ́ljíọ̀mù, ọ̀rẹ́ wọn nínú ogun, mu. Lẹ́yìn ogun, wọ́n padà sí àwọ̀ àtijọ́. Aṣọ pupa, funfun àti dúdú yìí ni wọ́n wọ̀ nígbà tí wọ́n gba ife kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ní ọdún 1966. Ti Port Adelaide tún yàtọ̀. A dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ọdún 1870, Magpies ni àwọn náà sì ń jẹ́ ní ìpínlẹ̀ tiwọn. Nígbà tí wọ́n wọ líìgì ńlá ní 1997, wọ́n bá Collingwood níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan náà àti àwọ̀ kan náà. Àlejò kì í gba orúkọ mọ́ onílé lọ́wọ́. Port Adelaide ní láti jẹ́ Power, èyí tí í ṣe agbára, kí ó sì fi àwọ̀ mìíràn kún dúdú àti funfun rẹ̀.

Láti inú gbogbo èyí, a rí i pé orúkọ ẹgbẹ́ ju ohun tí a fi ń pariwo lórí pápá lọ. Ní ọdún 1982, South Melbourne kó lọ sí Sydney nítorí àìlówó. Àdúgbò lọ, pápá lọ, ṣùgbọ́n ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn náà àti aṣọ pupa òun funfun bá wọn lọ. Nígbà tí Swans gba ife ní ọdún 2005, èyí ni àkọ́kọ́ láti 1933. Ẹni tí ó ti ń tẹ̀ lé wọn láti ọjọ́ South Melbourne lè sọ láìbẹ̀rù pé ẹgbẹ́ òun ni. Ní 1996 ẹ̀wẹ̀, gbèsè mú kí a da Fitzroy pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Brisbane. Kìnnìún tí Fitzroy ti ń jẹ́ láti 1957 ni ẹgbẹ́ tuntun náà mú; Brisbane Lions ni ó ń jẹ́. Ilé lè wó, ẹbí lè fọ́nká, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí a bá ń pe orúkọ náà, ọmọ ilé yóò mọ ibi tí yóò yà sí.

E. Àlàyé lórí àròkọ yìí

1. Kíyè sí i pé òwe tí ó bẹ̀rẹ̀ àròkọ náà ń ṣiṣẹ́. Ó sọ ohun tí àròkọ yóò fi hàn. Má ṣe pa òwe tí kò kan ọ̀rọ̀ rẹ nítorí pé ó dùn létí.

2. Fa ilà sí ìdí gbogbo ibi tí o bá ti rí 'nítorí pé', 'ìdí nìyí', 'láti ìgbà náà ni', 'kí … lè'. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni opó àròkọ alálàyé. Bí o bá yọ wọ́n kúrò, àkójọ orúkọ lásán ni yóò kù.

3. Orúkọ àjèjì ni Bombers àti Hawks. Akọ̀wé kò yí wọn padà, ṣùgbọ́n kò fi wọ́n sílẹ̀ láìsọ ìtumọ̀ wọn ní Yorùbá. Níbi tí Yorùbá kò ti ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún nǹkan, bí i swan, ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ṣókí.

4. Wo ìpínrọ̀ Hawthorn dáradára. Akọ̀wé lè ti fẹ́ kí a gbàgbọ́ pé orúkọ líle ni ó ń mú ẹgbẹ́ borí, nítorí pé Melbourne gba ife lẹ́yìn tí ó di ànjọ̀nú. Ṣùgbọ́n ó mú Hawthorn wá láti fi hàn pé kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Olùdánwò a máa fẹ́ràn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ibi tí àlàyé rẹ̀ dé, tí kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

5. Ìkádìí kò tún àwọn ohun tí a ti sọ kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú ẹ̀rí tuntun méjì wá, ó fi wọ́n dé ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó sì dúró.

Ẹ. Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣe àlàyé bí àwọn ilé tí a pín ilé-ẹ̀kọ́ rẹ sí ṣe rí orúkọ àti àwọ̀ wọn. Bí o kò bá mọ ìdí kan, béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àgbà kí o tó kọ ọ́.

2. 'Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni.' Fi àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ mẹ́ta, yálà ti eré ìdárayá tàbí ti ìlú, ṣe àlàyé òwe yìí.

3. Bí a bá ní kí ẹgbẹ́ kan tí o fẹ́ràn yí àwọ̀ aṣọ rẹ̀ padà, kọ lẹ́tà sí alága ẹgbẹ́ náà láti sọ èrò rẹ. Rántí pé ìdí ni kí o fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀, kì í ṣe ìbínú.