Ẹ̀kọ́ Ìlera: Àwọn Ọmọ Ogun Inú Ara

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, Ọlọ́hun fi ọmọ ogun sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, àwọn ni wọ́n ń bá a jà. Bí wọ́n bá ṣẹ́gun, wọ́n á dá ọ̀tá náà mọ̀ bó bá tún padà wá. Ṣùgbọ́n àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lè ti sọ ọmọ di arọ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Oògùn tí a ń kán sọ́mọ lẹ́nu ló ń fi ọ̀tá yìí hàn wọ́n ṣáájú.

Ní 2003, ìpínlẹ̀ Kano dá oògùn náà dúró, nítorí ìfura pé ó ń sọni di àgàn. Àrùn náà tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2004 wọ́n gbà á padà. Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòkòrò rẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà. Síbẹ̀, ní 2024, wọ́n ṣì rí irú rẹ̀ tó yí padà ní Nàìjíríà.

Ìyá ló sábà máa ń rántí ọjọ́ àjẹsára. Ta ni yóò rántí ti ọmọ òrukàn? Ẹ̀yin alágbàtọ́ ní Mọdákẹ́kẹ́, ẹ wo káàdì wọn. Èyí tí tirẹ̀ kò bá pé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ ìṣòro, ẹ sọ fún wa. Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere. Àmín.