Bí A Ṣe Ń Ka Máàpù Àtijọ́: Ilẹ̀ Màlúù àti Epo ní Texas

Ẹni tí ó bá mọ máàpù kà lè mọ bí àwọn ènìyàn ṣe gbé lórí ilẹ̀ tí kò dé rí. A mú àpẹẹrẹ wa láti Reagan County, ní ìwọ̀-oòrùn Texas ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn darandaran ti wà kí àwọn tí ń wa epo tó dé.

Lórí máàpù tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní ìwọ̀n 1:24,000, íńṣì kan lórí ìwé dúró fún 2,000 ẹsẹ̀ bàtà lórí ilẹ̀. Àwọn ìlà aláwọ̀ búráùn ni ó ń fi gíga ilẹ̀ hàn: níbi tí wọ́n bá ti fún mọ́ra, òkè ni; níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ilẹ̀ tẹ́jú. Búlúù ni ti omi. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i bí wọ́n bá fa ìlà búlúù náà ní jíjá-jíjá, tí wọ́n sì fi àmì tó-tò-tó sí i láàárín: odò tí ń gbẹ ni. Ìdí nìyí tí àwọn darandaran fi gbé ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí kalẹ̀ láti fa omi, tí wọ́n sì gbẹ́ adágún kéékèèké. Láìsí ìwọ̀nyí, màlúù kò lè yè níbẹ̀.

Ilẹ̀ yìí kan ọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ gidigidi. Ní 1876, òfin Texas ya mílíọ̀nù éékà kan sọ́tọ̀ fún Yunifásítì Texas. Wọ́n fi mílíọ̀nù kan mìíràn kún un ní 1883. Ilẹ̀ gbígbẹ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ni, owó koríko tí àwọn darandaran ń san lórí rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní 1921, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ kànga kan nítòsí Big Lake, wọ́n sì sọ ọ́ ní Santa Rita, orúkọ ẹni mímọ́ tí àwọn Kátólíkì ń ké pè nínú ọ̀ràn tí ó dà bí ẹni pé kò ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1923, epo tú jáde. Owó epo ilẹ̀ náà ni Yunifásítì Texas àti Texas A&M ń jẹ títí di òní.

Lórí máàpù, àmì róbótó kékeré ni kànga epo. Máàpù kò sì sọ ẹni tí ó ni ín. Ní Texas, ẹni tí ó ni koríko lè má ní ìpín kankan nínú epo abẹ́ rẹ̀; inú ìwé ilẹ̀ ni a ti ń wá èyí. (Ní Nàìjíríà tiwa, ìjọba àpapọ̀ ni òfin fi epo sí lọ́wọ́.)

Bí ẹ bá rí àwọ̀ àlùkò lórí irú máàpù bẹ́ẹ̀, àtúnṣe ni: inú fọ́tò tí a yà láti ojú òfuurufú ni wọ́n ti mú un, láìtún lọ yẹ ilẹ̀ náà wò. Nítorí náà, ọdún tí a tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.