Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹrù Ọjọ́ Márùn-ún láti Ìta-Ògbólú dé Köln

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi í ṣe àwáwí láti kó gbogbo ilé ròde. Ẹni tó fẹ́ lọ lo ọjọ́ márùn-ún ní Jámánì, tó kàn fẹ́ rìn yí ìlú kan ká kó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, àpótí ńlá méjì lẹ ó bá níwájú rẹ̀ lóru ọjọ́ tó ku ọ̀la. Aṣọ òfì wà níbẹ̀, bóyá wọn yóò pè é sóde. Bàtà oríṣi mẹ́ta wà níbẹ̀. Gàrí wà níbẹ̀, èlùbọ́ àti ata gígún pẹ̀lú, títí kan ìgò epo pupa tí ìyá àdúgbò ní kó bá òun gbé fún ọmọ òun. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin ará ilé láti Ìta-Ògbólú, Ìjú àti Àkúrẹ́. Báàgì ọwọ́ kan ṣoṣo, èyí tí à ń gbé wọnú ọkọ̀ òfurufú, tó fún ọjọ́ márùn-ún. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kí aṣọ kankan tó wọ inú báàgì, ẹ jẹ́ ká mọ bí ìtẹ́ ọ̀hún ṣe tóbi tó. Lufthansa, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbéra ní Èkó lọ tààrà sí Frankfurt, gba ẹni tó ra àyè Economy láyè báàgì ọwọ́ kan tí kò ju kílò 8 lọ. Gíga rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 55 lọ, ìbú 40, nínípọn 23. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn ní òfin tirẹ̀. Ara tíkẹ́ẹ̀tì yín ni kí ẹ ti wò ó, kì í ṣe ẹnu ẹni tó lọ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹ tún rántí pé ọ̀nà Èkó sí Frankfurt nìkan kọ́ lẹ fẹ́ rìn. Láti Ìta-Ògbólú dé Àkúrẹ́, ọkọ̀ ilẹ̀ ni. Láti Àkúrẹ́, ẹlòmíràn á wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Èkó, ẹlòmíràn á gba Oǹdó, Ọ̀rẹ̀ àti Ṣàgámù. Ní Frankfurt, ó tún ku ọkọ̀ ojú irin lọ sí Köln. Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tí òfin rẹ̀ le jù ni kí ẹ fi di ẹrù. Bí ọkọ̀ tó gbé yín láti Àkúrẹ́ bá ní kílò 7 lòun gbà, kílò 7 lẹrù yín, ohun yòówù kí èyí tó kù wí.

Ẹ má sì fi ọwọ́ díwọ̀n. Ilẹ̀ kòkó ni ilẹ̀ wa, kò sí àgbẹ̀ tí yóò gbà kí ẹni tó ń ra kòkó fi ojú lásán wọn àpò òun. Ẹ gbé báàgì náà lọ bá a, kó fi kọ́ síkélì, kí ẹ dúró títí ọwọ́ síkélì tó ń mì yóò fi dúró ṣinṣin. Òfìfo rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ibẹ̀ lẹnu ti máa ń ya èèyàn: báàgì onítáyà tí ara rẹ̀ le lè gba kílò 3 kí ìbọ̀sẹ̀ kan tó wọnú rẹ̀. Nínú kílò 8, 5 ló ṣẹ́kù fún yín nìyẹn. Báàgì aṣọ tí kò ní táyà sábà máa ń fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, òun ni mo fẹ́ràn fún ẹni tí èjìká rẹ̀ bá gbà á.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé kò sí alábàárù tó ń dúró deni lọ́hùn-ún. Ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, ẹ ó nawọ́, ẹnìkan á sì ti gbé ẹrù yín lérí. Ní Frankfurt, ẹni tó lẹ́rù ló ń gbé ibi tó wúwo, òun náà ló ń gbé ibi tó fúyẹ́. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin ọ̀nà jíjìn wà nínú pápá ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀. Ọ̀nà irin ayára tí wọ́n ṣí lọ́dún 2002 sì ń gbé èèyàn dé Köln ní bíi wákàtí kan. Ọkọ̀ náà kì í dúró pẹ́. Ẹni tó ní àpótí méjì á ṣì máa wojú ẹni tí yóò bá a gbé èkejì, nígbà tí ẹni tó gbé báàgì kan á ti wọlé, á ti jókòó.

Nǹkan mìíràn tún wà. Àárọ̀ kùtù ni ọkọ̀ òru láti Èkó máa ń balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ìtura kì í fún àlejò ní yàrá títí di ọ̀sán. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Köln, ilé ìjọsìn ńlá tí wọ́n ń pè ní Dom ló máa kọ́kọ́ yọ sí yín, ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ gan-an ló wà. Ọdún 1248 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ọdún 1880 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gun ilé ìṣọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò fi gun àtẹ̀gùn 533. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kéré á ti báàgì rẹ̀ sínú lọ́kà ní ibùdókọ̀, yóò ti rí ìdajì ìlú kí aago yàrá rẹ̀ tó lù. Ẹlẹ́rù ńlá á jókòó ti ẹrù rẹ̀. Ọjọ́ kan nínú márùn-ún ti lọ nìyẹn.

Ó wá kan aṣọ. Eji ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji bá leji ń pa. Kò sí ìgbà tí òjò kò lè rọ̀ ní Köln, òtútù oṣù Kìíní ibẹ̀ sì ju ọyẹ́ tó le jù ní Àkúrẹ́ lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé a máa ń ra aṣọ nínípọn mẹ́rin. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a wọ̀ léra wọn ló ń lé òtútù jù: ẹ̀wù pénpé nísàlẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì lé e, súwẹ́tà lé e, kóòtù lókè pátápátá. Tí ẹ bá wọnú ilé, ooru ẹ̀rọ wọn yóò mú yín, ẹ ó bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kóòtù yẹn, ẹ má lọ fi owó ilé ìwé ọmọ rà á. Ẹ tú òkìríkà dáadáa, ẹ ó rí èyí tó dára. Ara yín ni kí ẹ fi gbé èyí tó wúwo jù, nítorí wọn kì í fi ohun tó wà lọ́rùn èèyàn sórí síkélì. Kóòtù, bàtà tó le, ṣòkòtò tó nípọn, ẹ wọ̀ wọ́n wọnú ọkọ̀.

Inú báàgì wá ku ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ṣòkòtò kan, súwẹ́tà kan, àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ ká wọn róbótó bí ẹní, kí ẹ tò wọn sínú báàgì. Ẹ fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ lálẹ́, yóò gbẹ lórí ẹ̀rọ amúlégbóná kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin ìyá wa, gèlè kan àti àdìrẹ kan tó fún òde tó bá yọjú lójijì; ẹ jẹ́ kí òfì sinmi nílé. Tó bá jẹ́ oṣù Kẹfà sí Kẹjọ ni, ẹ yọ súwẹ́tà náà, ẹ fi agbòjò kékeré rọ́pò rẹ̀. Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣápọ́n: kò sẹ́ni tó mọ̀ yín ní Köln tí yóò ka iye ìgbà tí ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan.

Ohun olómi ló ń fa ìjà jù níbi àyẹ̀wò. Oṣù Kẹjọ ọdún 2006 ni ọlọ́pàá London tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi ohun olómi fọ́ ọkọ̀ lójú òfurufú. Láti oṣù Kọkànlá ọdún náà ni Yúróòpù ti gbé òfin kalẹ̀ pé ìgò tàbí ike kan kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ, kí gbogbo wọn sì wọ inú ọ̀rá kan tó mọ́ gaara tí kò gbà ju lítà kan lọ. Òrí, àdí, ìpara, oyin, ata díndín, ohun olómi ni gbogbo wọn lójú òfin. Bí ike bá jẹ́ ti 200, kódà kó jẹ́ ìdajì ló kù nínú rẹ̀, wọn ó gbà á lọ́wọ́ yín. Àwọn pápá kan ti ń lo ẹ̀rọ tuntun tó gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti Èkó lọ kò gbọdọ̀ gbára lé e. Ọṣẹ líle kò sí nínú òfin yìí, nítorí náà òun ni kí ẹ gbé. Òrí díẹ̀ nínú ike kékeré tó fún ọjọ́ márùn-ún.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí oúnjẹ àti ẹrù oníṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ojú ti ń pọ́n wa jù. A kì í ru ẹran erin lórí ká tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Físà tí ẹ kó ìwé báǹkì jọ fún, tí ẹ ra ìwé adójútòfò tó tó owó Yúrò 30,000 tì, ẹran erin nìyẹn. Ìrẹ̀ ni kílíṣí àti wàrà. Òfin Yúróòpù kò gbà kí arìnrìn-àjò láti ilẹ̀ wa gbé ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe wọlé. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2019, èso àti ewébẹ̀ tútù náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti dàbínù wà lára ìwọ̀nba tó bọ́ nínú rẹ̀. Gàrí àti èlùbọ́ ńkọ́? Àwọn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Áfíríkà wà ní àwọn ìlú ńlá Jámánì tó ń tà á. Ọjọ́ márùn-ún kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ ru èlùbọ́ la òkun kọjá.

Ẹrù oníṣẹ́ ló wá léwu jù. Àjọ NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1989, kò yéé sọ fún wa pé inú oúnjẹ, inú àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà àti inú ike ìpara ni àwọn olóògùn olóró ń kó ẹrù wọn pamọ́ sí. Ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú, kì í ṣe ẹni tó rán an. Bí ìyá kan bá mú ìdì wá lálẹ́, ó ṣòro fún ọmọ tí a kọ́ nílé láti sọ pé rárá. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sọ pé: “Mọ̀mọ́, báàgì ọwọ́ kan ni wọ́n gbà mí láyè. Ẹ jókòó, kí n fi fóònù gba ohùn yín àti àwòrán yín. Ẹ kí i dáadáa, ẹ wúre fún un. Màá fi hàn án lójúkojú.” Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ọmọ tó ti pẹ́ ní òkèèrè yóò fẹ́ ìyẹn ju ìgò epo lọ, kò sì gba gíráàmù kan.

Ìyókù kò pọ̀. Ihò iná Jámánì jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ róbótó méjì, ẹ ra ohun ìyípadà rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Inú báàgì ọwọ́ ni power bank gbọ́dọ̀ wà, kò sì gbọdọ̀ ju 100 Wh lọ, èyí tó súnmọ́ 27,000 mAh. Oògùn yín, ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí tí wọ́n fi tà á, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ mú ike omi òfìfo dání kọjá àyẹ̀wò. Ọjọ́ Sunday, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn máa ń tì, ẹ má fi ohun tí ẹ gbàgbé sílé dé ọjọ́ náà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ọmọ àgbẹ̀ kòkó dé ní Köln ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ṣọ́kọ́léètì, tí Hans Imhoff ṣí lọ́dún 1993 létí odò Rhine. Igi kòkó wà láàyè níbẹ̀ nínú ilé gíláàsì tí wọ́n ń mú gbóná fún un, orísun ṣọ́kọ́léètì kan tó ga tó mítà 3 sì ń ṣàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó lo ayé wọn nídìí sísá kòkó nílé kò rí òpin ọ̀nà tí kòkó ń gbà rí. Ẹ rọra wò ó, ẹ sì ya àwòrán fún àwọn tó wà nílé.

Ibẹ̀ náà ni ẹ̀bùn àwọn ará ilé ti máa jáde, nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní Ìta-Ògbólú, ẹ ti fi kílò kan sílẹ̀ láìdì nínú báàgì. Ṣọ́kọ́léètì líle kì í ṣe ohun olómi, èyí tí à ń fi ọ̀bẹ pa mọ́ búrẹ́dì ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín. Páálí tó wọ́pọ̀ jẹ́ gíráàmù 100. Mẹ́wàá ni kílò kan, ẹ ka iye ẹni tó ń dúró de yín nílé kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbowó.