Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ẹ̀yin ọmọ láàbù tí ẹ ń gba ẹ̀jẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, ní Òdìgbó, títí dé Àràròmí-Òbu, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò kan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tiyín dára ju èyí tí a fi kọ́ṣẹ́ lọ. Láyé ìgbà tiwa, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí táírọ́ìdì òun ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní láti rìnrìn àjò. Lónìí, aláìsàn lè jókòó sí Ọ̀rẹ̀ kí ó gba èsì TSH rẹ̀ láìpẹ́ ọjọ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìwé èsì ti pọ̀ ju ẹni tó lè kà á lọ.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ìyá kan gba ìwé tó kún fún H àti L, ó na án padà sí yín lójú fèrèsé, ó ní, "Dókítà, kí ni wọ́n rí?" Bẹ́ẹ̀ ẹ kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá sọ ní ìṣẹ́jú yẹn ló máa gbé lọ sí kẹ́mísì. Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó, oògùn ẹ̀jẹ̀ ni yóò rà. Bí ẹ bá ní táírọ́ìdì rẹ̀ ti kú, yóò fi fóònù ya ìwé náà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Èkó, ẹ̀rù yóò sì ba gbogbo ilé.

Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ìwé kan sílẹ̀. Kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, ó ń ta gàrí lẹ́bàá títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin. Ó ń rẹ̀ ẹ́ láti òwúrọ̀. Òtútù ń mú un nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ń làágùn. Ohùn rẹ̀ ti ki, ìgbẹ́ rẹ̀ ń le, ó ń sanra láìjẹun jù, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ń pọ̀ débi pé ó máa ń bẹ̀rù àtijókòó lọ́jà. Ìwé rẹ̀ ní PCV 29, MCV (bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe tóbi tó) 73, ferritin (irin tí ara fi pamọ́) 8, TSH 14, free T4 8 pmol/L, cholesterol rẹ̀ sì ga. Àmì mẹ́fà nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú yóò ka àìsàn mẹ́rin sí i lára: ẹ̀jẹ̀ kò tó, irin kò tó, táírọ́ìdì kò ṣiṣẹ́, ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

Ẹ wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré iwájú ọrùn, ló ń pèsè T4 tí gbogbo ara fi ń ṣiṣẹ́. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, pituitary ló ń fi TSH rán an níṣẹ́. Ẹ wò ó bí ọ̀gá tó ń pe ọmọ iṣẹ́: bí ọmọ náà bá ń jẹ́, ọ̀gá kì í pariwo, bí kò bá jẹ́, ohùn ọ̀gá á máa lọ sókè. TSH tó ga tòun ti T4 tó wálẹ̀ ń sọ pé táírọ́ìdì fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ ìpè. Táírọ́ìdì tó ń falẹ̀ a máa mú kí nǹkan oṣù pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ lóṣooṣù ló kó irin dà nù. Nígbà tí irin tán, ẹ̀jẹ̀ tuntun ń kéré, MCV wálẹ̀, PCV tẹ̀lé e. Bí T4 bá kéré, ẹ̀dọ̀ pàápàá kì í lè kó cholesterol kúrò bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń tọ́jú táírọ́ìdì kó tó pinnu lórí oògùn ọ̀rá. Ó tún ku apá kan: èròjà inú táírọ́ìdì tó ń fi áyódíìnì ṣe họ́mọ̀nù nílò irin kó tó lè ṣiṣẹ́. Nítorí náà àìtó irin tí àìsàn náà dá sílẹ̀ tún ń padà wá dí i lọ́wọ́.

Bí TSH bá ga díẹ̀, bíi 6, tí T4 sì wà ní ààyè rẹ̀, ẹ má pè é ní àìsàn lójú fèrèsé. A máa ń tún un ṣe lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, torí òmíràn á wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àmọ́ kí ẹ tó gbà pé òótọ́ ni ìwé ń sọ, ẹ bi ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀. Aláboyún ni bí? Lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́, họ́mọ̀nù oyún máa ń ti TSH wálẹ̀. Ṣé àìsàn líle ló ń ṣe é lọ́wọ́? Ara tí ìnira bá ti fẹ́ borí a máa dín T3 kù, ìyẹn ò sì sọ pé táírọ́ìdì ló bàjẹ́. Ẹ̀yin obìnrin yóò mọ èyí tó kàn jù wá lọ: hóró tí wọ́n ń lò kí irun hù kí èékánná le. Biotin ló wà nínú rẹ̀, mílígíráàmù 5 tàbí 10, ìyẹn ju ohun tí ara nílò lóòjọ́ lọ fíìfíì. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ó máa ń fi irọ́ mú TSH wálẹ̀, ó sì ń fi irọ́ gbé T4 sókè. Obìnrin tí táírọ́ìdì rẹ̀ ń falẹ̀ yóò gba ìwé tó mọ́ tónítóní. Kí ó dá hóró náà dúró fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn.

Ferritin ni mo fẹ́ kí ẹ dúró tì jù. Àwa ń gbé ní àgbègbè oko, ibà kò jìnnà sí wa. Ferritin kì í ṣe òṣùwọ̀n irin nìkan, ó máa ń ga nígbà tí ara bá ń bá àìsàn jà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kọ ọ́ sínú ìtọ́sọ́nà wọn ní 2020 pé fún àgbàlagbà, ferritin tó bá dín ní 15 ń sọ pé irin kò tó, ṣùgbọ́n bí àkóràn bá wà lára, 70 ni kí a fi ṣe ààlà. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, 12 àti 30 ni. Ẹ gbọ́ ohun tí èyí ń wí: àgbẹ̀ tí ibà ń ṣe, tí ferritin rẹ̀ jẹ́ 40, ẹ̀rọ kò ní fi L kankan sí i. Ohun tí ẹ̀rọ kò fi àmì sí ló máa ń tan ọmọ iṣẹ́ jẹ. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé ibà wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gba ẹ̀jẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. MCV kékeré tí ferritin rẹ̀ dára lè jẹ́ alpha thalassaemia, ogún ìdílé tó wọ́pọ̀ láàárín wa, tí kò sì nílò irin. MCV tó rí dáadáa lè bo méjì mọ́lẹ̀: àìtó irin ń sọ ọ́ di kékeré, àìtó fítámì B12 tàbí folate ń sọ ọ́ di ńlá, wọ́n pàdé láàárín. RDW tó ga, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà nínú ìtóbi àwọn sẹ́ẹ̀lì, ló máa tú wọn fó. Ẹ ṣọ́ àwọn àgbàlagbà oníṣúgà tó ti ń lo metformin tipẹ́. Ó ń dín B12 kù. Bí irú wọn bá ń gbé folate nìkan mì, ẹ̀jẹ̀ yóò sunwọ̀n lójú, iṣan ara yóò sì máa bàjẹ́ lọ.

Àìtó mìíràn wà tí kò sí lára aláìsàn rárá, ọwọ́ yín ló ti wá. Ẹ̀jẹ̀ ò tó nínú ìgò ọlọ́mọrí pupa, ẹnì kan bá bu díẹ̀ kún un láti inú elésè-àlùkò. EDTA, èròjà inú elésè-àlùkò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ti wọ ibẹ̀. Potassium fò sókè, calcium já wálẹ̀, zinc tẹ̀lé e, wọ́n sì sọ fún ọmọlọ́mọ pé egungun rẹ̀ ò lágbára. Ẹ tún gba òmíràn. Ó sàn kí ó bínú sí yín. Ẹ wo orúkọ òṣùwọ̀n pẹ̀lú: T4 1.1 ng/dL láti Àkúrẹ́ àti 14 pmol/L láti Ọ̀rẹ̀, ohun kan náà ni. Mo ti rí ẹni tó rò pé 14 yẹn ló ń pa òun.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, èyí tí wọn yóò máa bi yín nítorí pé púpúrù, gàrí àti fùfú ni oúnjẹ ibi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1960 títí wọ àwọn ọdún 1970 lórí àrùn iṣan tó ń mú àwọn ènìyàn ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tó sì ń dín ìríran wọn kù. Ó rí i pé ó pọ̀ ní Òsósà lápá Ìjẹ̀bú, níbi tí ẹ̀gẹ́ ti jẹ́ oúnjẹ òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Thiocyanate pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn: ohun tí ara ń sọ sáyánáìdì ẹ̀gẹ́ dà. Thiocyanate yìí kan náà ló ń bá áyódíìnì du ẹnu ọ̀nà táírọ́ìdì, ibẹ̀ sì ni gẹ̀gẹ̀ ti ń wá níbi tí áyódíìnì bá ti ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi púpúrù sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó bà dáadáa tó sì gbẹ dáadáa ti pàdánù ọ̀pọ̀ sáyánáìdì rẹ̀. Ewu ni kíkánjú yọ gàrí, àti jíjẹ ẹ́ láìsí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí èròjà amáradàgbà ni ara fi ń pa sáyánáìdì. Láti 1993 ni iyọ̀ tí à ń jẹ ní Nàìjíríà ti ní láti ní áyódíìnì. Ẹ bi wọ́n bí iyọ̀ wọn ṣe ń wà nílé: bí ó bá wà nínú abọ́ láìbò, tí oòrùn àti ọ̀rinrin ń rí i, áyódíìnì rẹ̀ ń lọ. Ẹ má sì rán wọn lọ ra áyódíìnì mu. Èyí tó pọ̀ jù náà a máa dá táírọ́ìdì dúró.

Bí dókítà bá fún obìnrin gàrí yẹn ní levothyroxine àti irin, ẹ rán an létí pé kò gbọ́dọ̀ lò wọ́n pọ̀, wákàtí 4 ni kó wà láàárín wọn. TSH rẹ̀ yóò tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó sọ òótọ́, láàbù kan náà ni kó sì ti tún un ṣe.

Ìwé kan wà tí kò ní pariwo. T4 wálẹ̀, ṣùgbọ́n TSH wà láàárín, àbí ó wálẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó ga. Bí ó bá jẹ́ ti obìnrin, ẹ bi í nípa ìbímọ rẹ̀ ìkẹyìn. Bí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀, ọmú ò sun, nǹkan oṣù kò sì padà wá, pituitary rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó ti kú díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Bí ẹnì kan bá fún un ní levothyroxine kí wọ́n tó yẹ họ́mọ̀nù cortisol rẹ̀ wò, ó lè ṣubú lulẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ọjọ́ tí yóò wá gbà á. Ẹ pe dókítà rẹ̀ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ àsìkò tí ẹ pè é sára ìwé.