Ìsọlórúkọ Ẹ̀yà Sẹ́ẹ̀lì ní Èdè Yorùbá: Àpẹẹrẹ Noctiluca scintillans

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìlànà yìí ṣe pàtàkì nínú ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Noctiluca scintillans jẹ́ ohun abẹ̀mí inú òkun, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni. Ó rí roboto. Kì í sábà ju mìlímítà 2 lọ. Bí ìgbì bá rú u lóru, àwọn ẹ̀yà tíńtìntín inú rẹ̀ a máa tan ìmọ́lẹ̀ búlúù. Kò ní èèpo líle bí ọ̀pọ̀ ìbátan rẹ̀.

Ohun méjì ni ó yọ jáde lára rẹ̀. Èyí tí ó gùn ni ó fi ń mú oúnjẹ. Èyí tí ó kúrú ni flagellum. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ti dàgbà kò lè fi í lúwẹ̀ẹ́. Bí olùkọ́ bá pe méjèèjì ní 'ìrù', akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

A dábàá 'ọwọ́ ìjẹ' fún ti àkọ́kọ́ àti 'pàṣán' fún èkejì, nítorí pàṣán ni ìtumọ̀ flagellum ní èdè Látìn. Orúkọ tí kò bá bá iṣẹ́ mu yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.