Bí A Kò Bá Gbàgbé Ọ̀rọ̀ Àná

Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ẹlòmíì la sì sábà máa ń pa á fún. Ọjọ́ tó yẹ ká gbàgbé gan-an ni òwe kò dá fún wa, ìdí nìyẹn tí ìjà ọjọ́ kan fi ń di ti ọlọ́dún mẹ́wàá.

Àwọn ará Bùlgáríà dá ọjọ́ náà. Sirni Zagovezni ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ Ìsinmi tó ku ọ̀sẹ̀ méje kí ọdún Àjíǹde àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì pé. Lọ́jọ́ náà, ọmọ á tọ òbí lọ, àbúrò á tọ ẹ̀gbọ́n lọ. Ẹni tó kéré á fẹnu ko ọwọ́ àgbà, á ní, “Ẹ dárí jì mí.” Àgbà á ní ó ti tán, kí Ọlọ́run dárí jì wá. Wọn kì í ro ẹjọ́ rárá.

Oúnjẹ ló kàn: ẹyin, wàràkàṣì, àti banitsa, oúnjẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n ki méjèèjì sínú rẹ̀, nítorí ààwẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì kò gba ẹyin, kò gba wàrà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á so ègé halva funfun, ìpápánu dídùn kan, rọ̀ láti òkè àjà, àgbà á máa fì í káàkiri. Àwọn ọmọ á káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á yanu dè é. Á gbá ti ibí nímú, á lẹ̀ mọ́ tọ̀hún lẹ́rẹ̀kẹ́, ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Ta ló lè yanu bẹ́ẹ̀ níwájú ẹni tó ń bá yodì?

Nítorí náà, má dúró dìgbà tí inú rẹ bá rọ̀. Ẹ jọ mú ọjọ́ kan nínú ẹbí, kí tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n. Ojú kì í ti ẹni tó bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ tí gbogbo ilé ń bẹ̀bẹ̀. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ kúrú, nítorí àlàyé gígùn ló ń bí ìjà tuntun. Ìwọ àgbà tí wọ́n wá bá, má fi ẹjọ́ àtijọ́ dá wọn dúró: àgbà tí kò bínú lọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí ilẹ̀, ẹ sún un sí ọjọ́ mìíràn, torí ìdáríjì kò san owó olówó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹun pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó jókòó ti ọ̀ràn gbèsè lẹ́yìn ìdáríjì kì í fi ìbínú yanjú rẹ̀.