Plọ́ọ̀gì Tí Kò Dì Mọ́: Ẹ Má Tíì Ra Ẹ́ńjìnnì Tuntun

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kan gbogbo ẹni tó ń fi ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù jẹun: ẹni tó ń fi í lọ ata, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́, àti ẹni tó ń fi alùpùpù kérò.

Plọ́ọ̀gì ni ó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Irin líle ni plọ́ọ̀gì, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni wọ́n sábà fi ń ṣe orí ẹ́ńjìnnì tí a ń wé e mọ́. Bí líle bá bá rírọ̀ jà, rírọ̀ ni yóò fara gbá. Bí a bá ki plọ́ọ̀gì wọlé ní wíwọ́, tí a fún un jù, tàbí tí a tú u nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, eyín inú ihò náà lè bó.

Àmì rẹ̀ kò fara sin. Plọ́ọ̀gì á máa yí lásán, kò ní dì. Atẹ́gùn á máa fẹ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí èyí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, nítorí plọ́ọ̀gì lè ta jáde kó ṣe èèyàn léṣe. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù tàbí òwú dí i o. Kò lè gba ooru inú ẹ́ńjìnnì.

Báyìí ni àtúnṣe rẹ̀:

1. Bí eyín díẹ̀ ló bàjẹ́, mẹkáníìkì lè fi tápù, irin tí a fi ń gé eyín, tún un ṣe. Plọ́ọ̀gì tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní mìlímítà 14, láti eyín kan dé èkejì sì jẹ́ 1.25. Àwọn alùpùpù mìíràn ń lo 12 tàbí 10. Kí ó wọ̀n ọ́n kí ó tó gé e.

2. Bí gbogbo eyín bá ti bó, kí ó tú orí ẹ́ńjìnnì, kí ó mú ihò náà fẹ̀, kí ó gé eyín tuntun sí i, kí ó sì wé búṣì irin sínú rẹ̀. Inú búṣì yìí ni plọ́ọ̀gì yóò máa wọ̀.

3. Kí ó fọ gbogbo èérún irin kúrò. Èyí tó bá bọ́ sínú sílíńdà yóò ha á.

Owó búṣì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ́ńjìnnì tuntun. Ẹni tó bá sáré yáwó ra tuntun nítorí ihò kan, èlé ni yóò máa san lásán.

Ṣùgbọ́n ìdènà ló dára jù. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ fi ìka wé plọ́ọ̀gì títí yóò fi jókòó. Bí ó bá kọ̀, ẹ tú u, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà yí plọ́ọ̀gì tuntun tó ní wáṣà ní ìlàjì yíyí péré.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Ta ló ń wé plọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì yín? Ṣé ìka ló kọ́kọ́ ń lò, àbí sípánà?